Ohùn Ambu Nínú Ẹ̀rọ Engkos

Engkos Sutaryat kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀lẹ kò tíì rí i lọ́jọ́ tó tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ sórí ẹní, tó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, tó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, tí òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó ń roko lọ́sàn-án gangan. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní gbogbo àdúgbò wọn ní Cibiru, títí kan Wiwin ìyàwó rẹ̀, ni ohun tí iṣẹ́ náà ń mú jáde.

Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé òun ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti fídíò. Ó sì ń ṣe é lóòótọ́, nígbà tí ẹ̀rọ bá gbà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà náà láti orí dé ẹsẹ̀: ó wá kéèsì, àpótí irin tó gbé e ró, lọ́tọ̀, ó wá fáànù lọ́tọ̀, ó gba káàdì tó ń gbé àwòrán jáde lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Surabaya tó fi Ọlọ́run búra pé òun ò lò ó rí. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló ń mú un gbé àyà sókè rìn. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà lókè òkun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àwọn olówó. Àwọn náà ló ń ṣe ètò tó ń darí rẹ̀ nínú, wọ́n sì ti sọ ọ́ gbangba pé ètò yìí kò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀rọ tí kì í ṣe tàwọn. Engkos ti fipá tì í wọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ ọ, nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀ tí wọ́n ń fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ ara wọn bí èèyàn ṣe ń tan irin jẹ. Nígbà tó yá, wọ́n fi Engkos jẹ alága ẹgbẹ́ ọ̀hún.

"Ojúlówó ló pe ara ẹ̀," ni Engkos máa ń wí fún àlejò, á máa fọwọ́ pa kéèsì náà lórí bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lórí. "Kò mọ̀ pé Cibiru níbí ni wọ́n bí òun sí."

Ẹ̀wù àyáwọ̀ sì ni. Ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í báni mu tán. Bí kò fúnni lápá, á ṣò lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí wáìfáì bá jí, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ tí ojú bá mọ́lẹ̀, àtẹ ìtẹ̀wé á yadi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kì í sùn. Kọ̀ǹpútà gbogbo ayé, bí a bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tòògbé. Bí a bá tún fọwọ́ kàn án, á lajú. Ti Engkos, bó bá ti lè tòògbé pẹ́nrẹ́n, ó kú nìyẹn. Nítorí náà, Engkos kì í jẹ́ kó tòògbé. Bó bá fẹ́ lọ wẹ̀, á ní kí Wiwin bá òun máa mi asin rẹ̀, máòsì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀.

"Akang," bí Wiwin ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ó bi í lọ́jọ́ kan, "ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yìí, ta ló ń sin ẹnì kejì?"

Engkos ní ọ̀rọ̀ náà kò yé obìnrin.

Ilé tó tẹ̀ lé tiwọn ni bàbá Wiwin, Abah Juhri, ń gbé. Ìyàwó Abah, Ambu Icah tó bí Wiwin, ti di ẹni ilẹ̀, ọjọ́ àdúrà ìrántí rẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sán kan, Abah gbé páànù bísíkíìtì kan wọlé, ó ṣí i, ó mú téèpù fídíò kékeré kan jáde. Ìbátan kan ló fi kámẹ́rà gbà á lọ́jọ́ ọdún Lebaran, ọdún ìtúnu ààwẹ̀, nínú ilé ìdáná Ambu. Kámẹ́rà náà bàjẹ́ láìpẹ́ sígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó wo ohun tó gbà.

"Engkos," ni Abah wí, "mo ní fọ́tò rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ohùn rẹ̀ ni mo ń wá. Ó ti ń parẹ́ mọ́ mi létí."

Wiwin rọra gba téèpù náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. "Abah, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kang Ruhiyat. Kíá ló máa bá wa ṣe é."

Bí ẹni pé wọ́n gbá Engkos létí ni. "Ruhiyat kẹ̀? Ruhiyat tó ń ta kọ̀ǹpútà bí ẹni ń ta àkàrà? Kí aráyé wá gbọ́ pé Engkos, alága, gbé ohùn ìyá ìyàwó ẹ̀ lọ sílé Ruhiyat? Abah, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ ó ṣe gbọ́ Ambu, ẹ ó rò pé ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni."

Ó yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan, ó sì da fídíò náà sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Kò wò ó. Bí fídíò náà ṣe ń yára wọlé ló ń wò, ìyẹn ló ń dùn mọ́ ọn.

Ká ní ó fọwọ́ lẹ́rán níbẹ̀, kò sí ìjọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdúrà ku ọ̀la, ìfitónilétí kan yọ lójú ẹ̀rọ: ẹ̀dà tuntun ètò náà ti dé. Òfin kan wà ní òkè pátápátá lójú ìwé ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá kọ: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ GBA Ẹ̀DÀ TUNTUN NÍGBÀ TÍ IṢẸ́ BÁ WÀ NÍLẸ̀. Engkos ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

"Kí ló ṣe èyí tó wà nínú ẹ̀?" ni Wiwin béèrè.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ti gbó ni."

"Ìgbà wo ló dé?"

"Oṣù tó kọjá." Engkos ti tẹ bọ́tìnì. "Wiwin, ṣé inú àkísà lo fẹ́ ká ti fi ìyá ẹ han àlejò?"

Ẹ̀rọ náà kú, ó jí, ó tún kú. Nígbà tó tún jí, kò sí àwòrán kankan, àfi ojú dúdú tí lẹ́tà funfun ń ya jáde lórí rẹ̀ bí eéṣú, títí wọ́n fi dé ìlà kan, tí wọ́n dúró gbagidi. Engkos sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni àkọ́kọ́ bi í bóyá ó ti ka ìwé ìtọ́sọ́nà. Engkos ló kọ ìwé ìtọ́sọ́nà. Ẹlòmíràn ní kó gbé ẹ̀rọ jù sódò Cikapundung. Ẹ̀kẹta ní irú rẹ̀ ṣe òun náà rí, pé òun ti yanjú ẹ̀. Kò sì sọ bó ṣe yanjú rẹ̀, kò tún dáhùn mọ́.

Engkos tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ó yọ káàdì tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ jáde, ó fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín irin káàdì náà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó bẹ̀ ẹ́, ó ṣépè fún un. Ó pààrọ̀ fáìlì yìí, ó dá tọ̀hún padà. Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ nílé Abah ni àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, Engkos sì pariwo ayọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò rò pé Wiwin ti bímọ. Ó fi fídíò náà síta. Ambu jáde, ó tàn yanran. Ṣùgbọ́n kò sóhùn. Ó yí sípíkà sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó gbá a nídìí. Kẹ́kẹ́ pa.

Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ustaz, àfáà àdúgbò, ti ka ohun tó yẹ ní kíkà, tí oníkálukú sì ti mú bala-bala, àkàrà ẹ̀fọ́ gbígbóná, lọ́wọ́ kan àti kọfí lọ́wọ́ kejì, Abah ní kí Engkos ó ṣe é. Ni Ambu Icah bá yọ lójú gíláàsì ẹ̀rọ tí Engkos gbé wá, nídìí ààrò, ó wé gèlè mọ́rí, òógùn wà níwájú orí rẹ̀. Ambu yíjú sí kámẹ́rà. Ó gbé ìgbakọ sókè ọ̀run. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ó na ìgbakọ sí ọ̀nà ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ lu àyà, ó mi orí, ó tún gbé ìgbakọ sókè.

"Kò ní ohùn ni?" Abah béèrè jẹ́jẹ́.

"Mo dín in kù ni, Abah," ni Engkos dáhùn, gbogbo ojú ń wò ó. "Nítorí ọ̀wọ̀ àdúrà."

"Kí ló wá ń sọ?"

Irọ́ náà ti jáde kí Engkos tó mọ̀. "Ó ń ṣàdúrà ni."

"Àmín," ni ustaz wí. "Àmín o," ni gbogbo ilé gbè é. Àbúrò Ambu, Bibi Enah, bú sẹ́kún. "Ẹ wo bó ṣe ń gbé ọwọ́ sókè! Ẹ wo bó ṣe ń lu àyà! Nídìí ìkòkò, lọ́jọ́ ọdún!"

"Ta ló na ọwọ́ sí yẹn?" ni Abah tún bi í. "Ìwọ lo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn."

"Ó jọ pé... ó jọ pé èmi ni, Abah."

"Ìwọ ló ń ṣàdúrà fún?"

Engkos doríkodò bí ọmọlúàbí. Gbogbo ilé tún ṣe àmín. Wiwin nìkan ni kò ṣe é. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ní òun rí ejò tó ní ìyẹ́.

Nígbà tí àlejò túká, Abah di ọwọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ mú. "Bá mi wá ohùn yẹn, Engkos. Mo fẹ́ gbọ́ àdúrà yẹn kí ọlọ́jọ́ tó dé."

Nínú ètò náà, nọ́ńbà kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fún ẹ̀rọ kó tó lè mọ ẹnu ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́. Èèyàn á fi ọ̀kan sí i, á pa á, á tàn án, á tún fi òmíràn sí i. Engkos ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, sípíkà wúkọ́ lójijì. Engkos fò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó. Kó tó ṣíwọ́ ijó, Ambu ti bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ wò ó! Ẹ yí kámẹ́rà yín síbẹ̀ kí aráyé rí i! Ọjọ́ ọdún rèé, Wiwin, àwọn ọkọ ẹgbẹ́ ẹ ń bá àna wọn gbé tábìlì, tìẹ ki orí bọ páálí onírin láti òwúrọ̀. Kí ló ń wá níbẹ̀? Ṣé ibẹ̀ ni làákàyè ẹ̀ bọ́ sí? Ó ní ẹ̀rọ òun ò lóhùn. Èmi ni mo lóhùn! Wiwin, bó bá jẹ́ irin lo fẹ́ fi ṣe ọkọ, o ò bá sọ, ǹ bá fà ọ́ fún alágbẹ̀dẹ..."

Engkos pa á. Ó jókòó.

"Akang, ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?" Wiwin ké láti ẹ̀yìnkùlé.

"Òjò ni!"

Ìyà tó jẹ Engkos lọ́jọ́ náà, ìyà ńlá ni. Iṣẹ́ tó lágbára jù tó ṣe láyé rẹ̀ ti yọrí, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ní ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, àṣírí tú, a jẹ́ pé ustaz àti gbogbo ìbátan ti ṣe àmín sí èébú. Bó bá ní kò sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá lọ bá Abah.

"Abah," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ń wá láti inú kànga, "ẹ̀rọ mi kò lè ṣe é."

Wiwin, tó ń bó ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbé orí sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí. Ó fọwọ́ kan iwájú orí Engkos láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná.

"Kò burú," ni Abah wí. "Mo ti bá Ruhiyat sọ ọ́. Ó ní kí n mú téèpù wá. Ó ní òun ní sípíkà ńlá yẹn, èyí tó fi ń pe oníbàárà láti títì. Ó ní kí n kó ìbátan wá, kí wọ́n wá gbọ́ àdúrà."

Engkos fojú inú rí títì. Ó rí sípíkà. Ó rí Ruhiyat.

"Abah," ó ní, "ẹ jókòó. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò lè wò wọ́n lójú; ògiri ló ń wò. Ohùn Ambu gba gbogbo yàrá. Nígbà tó kan alágbẹ̀dẹ, Engkos gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tó jọ ikọ́, ó sì yíjú padà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Abah ló ń rẹ́rìn-ín. Ó di ìhà mú, omijé ń dà lójú rẹ̀ wàrà.

"Òun nìyẹn!" ni Abah ń wí. "Ìyàwó mi nìyẹn! Lọ́jọ́ àdúrà yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Icah kò ṣàdúrà nídìí ààrò rí. Mo ní àbí ikú ti sọ ọ́ di èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

"Abah, ẹ dákẹ́, kò tíì tán," ni Wiwin wí.

Kò tíì tán lóòótọ́. Ibi tí Engkos pa á sí lọ́jọ́ òjò kọ́ ni òpin. Ambu mí kanlẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó na ìgbakọ sí abọ́ kan tí wọ́n dé. "Ẹ lọ pè é kó wá jẹun. Orí ẹja yẹn, tirẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kò ní rántí jẹun, òmùgọ̀ yẹn."

Ni àwòrán bá kú. Engkos ń tẹ asin láìtẹ nǹkan kan. Orí ẹja náà, ó rántí rẹ̀. Ó ti rò pé ohun tó ṣẹ́kù ni wọ́n gbé fún òun.

"Tún tẹ̀ ẹ́," ni Abah wí.

Abah fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí náà fún gbogbo ayé. Ustaz rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. Bibi Enah, tó sunkún lọ́jọ́ àdúrà, ní kí wọ́n da fídíò náà sórí fóònù òun kíá, kò sì pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé ní Cibiru fi ń sọ fún ọkọ wọn pé, "Èmi ni mo lóhùn!" Abah kò sì gba ti fóònù. Ó ní tinú ẹ̀rọ Engkos ló mọ́ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń mú kọfí rẹ̀ wá, á fa àga sún mọ́ ojú gíláàsì, á ní kí wọ́n bá òun pe Icah.

Nígbà tí ẹ̀dà tuntun míì jáde, ọwọ́ Engkos bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Abah rí i tí ọwọ́ náà ń rìn lọ síbi bọ́tìnì.

"Fọwọ́ kàn án," ni Abah wí, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára kọfí rẹ̀, "kí n sì gba ilé Ruhiyat lọ."

Engkos ká ọwọ́ kò. Láàárín ẹgbẹ́ wọn, àwọn ọmọdé àná ti ń béèrè ìdí tí alága fi ń lo ẹ̀dà tó ti gbó. Engkos jókòó, ó kọ èsì gígùn fún wọn, pé lẹ́yìn ìwádìí tó jinlẹ̀ tí òun fúnra òun ṣe, èyí ni ẹ̀dà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ, àti pé ẹni tó bá gbọ́n kò ní kúrò lórí rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́, ó sì tẹ́tí sí Abah tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti dé ibi alágbẹ̀dẹ.