Páànù Mẹ́rìnlá

Ìṣó àkọ́kọ́ já bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ Àpìkẹ́. Kó tó fi ṣíbí yọ ọ́, èkejì ti bọ́ sórí ibùsùn, oòrùn sì ti yọjú wo inú yàrá láti òkè bí àlejò tí wọn ò pè. Wọ́n ń ṣí òrùlé mọ́ ọn lórí.

Kò yà á lẹ́nu. Láti ọdún méjì tí Òṣogbo ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wọ́ wá láti Ìbàdàn, tí yàrá kan ṣoṣo ní àdúgbò Ìgbọ̀nà sì di ohun àjàdù. Agbálẹ̀ ilé ìwé ni Àpìkẹ́. Kí ni yóò fi bá akọ̀wé ìjọba dù ú? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Láńrewájú, onílé rẹ̀, ti ní kó jáde. Ó wá yàrá títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ n'Íléṣà, pé bí òun bá ti ríbi forí pamọ́ sí, òun á wá kó wọn.

Ilé kan wà lóòótọ́, bí èèyàn bá lè pè é nílé. Ẹbí bàbá rẹ̀ fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn po amọ̀, ó mọ yàrá kan, wọ́n bá a to igi sórí rẹ̀. Páànù ni kò sí. Imọ̀ ọ̀pẹ ló fi bo ògiri, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú bọ̀. Bí òjò ńlá kan bá lu ògiri yẹn báyìí, ó di ẹrẹ̀ nìyẹn.

Àpìkẹ́ jáde síta. Ògúnmọ́lá káfíńtà ló wà lórí ilé, òòlù lọ́wọ́, kò lè wò ó lójú. Bàbá Láńrewájú dúró nísàlẹ̀, ó ń fi ọ̀pá júwe.

Inú bí Àpìkẹ́ gan-an. Àfi bó ṣe rí ọ̀dà pupa létí páànù tó wà nílẹ̀: orúkọ Adéjọbí, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Lọ́dún tí ìjì ṣí orí yàrá wọn, tí onílé ní òun ò lágbára àtitún un ṣe, Adéjọbí ló ra páànù mẹ́rìnlá.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Mo ń lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ n kó páànù mi."

"Páànù ta ni?"

"Ti ọkọ mi. Ẹ̀yin náà lẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, tẹ́ ẹ ní ọjọ́ tá a bá ń lọ, ká kó páànù wa dání."

"Àwàdà nìyẹn!"

Òòlù dákẹ́ lókè. "Bàbá," ni Ògúnmọ́lá wí jẹ́jẹ́, "èmi ni mo kàn án. Ìṣojú mi lẹ ti sọ ọ́."

Àwọn ayálégbé yòókù ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé; Àpìkẹ́ rò ó nínú, kò sọ ọ́ jáde. Bàbá Láńrewájú wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ó pòṣé.

"Kó o. Ṣùgbọ́n kí yàrá mi ti ṣófo kí n tó ti mọ́ṣáláṣí dé."

Ni ẹni tí wọ́n ń lé jáde bá di ọ̀gá iṣẹ́. "Káfíńtà, ẹ rọra o! Ẹ má jẹ́ kó ya!"

Ọmọlanke kan ló kó páànù, ibùsùn àti ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Ògúnmọ́lá tẹ̀ lé e. Ó ní ọwọ́ tó tú u náà ni yóò kàn án, kò sì gba kọ́bọ̀. Kí ojú ọ̀run tó dúdú tán, páànù kẹrìnlá ti jókòó sórí igi.

Òjò dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àpìkẹ́ nìkan ló jókòó sínú yàrá, ó ń gbọ́ ọ lórí páànù. Ògiri ò mira. Lọ́la òun yóò lọ Iléṣà, òun yóò kó àwọn ọmọ òun wálé. Ibẹ̀ ló wà tí omi tútù fi kán sí i lọ́rùn: ihò ìṣó àtijọ́ kan ń jò. Ó pòṣé, ó dìde, ó fi ìborùn borí kó lọ sọ fún onílé pé ilé tún ti ń jò, bó ti máa ń ṣe láti ọdún méjìlá. Ẹsẹ̀ kan ti kọjá ẹnu ọ̀nà kó tó dúró.

Òjò ń ta sí i lójú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Onílé ti gbọ́. Ó padà wọlé, ó wá abọ́, ó sì gbé e sábẹ́ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò.