Erùpẹ̀ Ìyá Ayọ̀wálé

Lọ́jọ́ tí adájọ́ máa dá ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ayọ̀wálé ní Lọ́kọ́ja, òkú ìyá rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Ìbítóyè, baba rẹ̀, ló ní kí wọ́n má tíì sin ín. Ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí pósí ìyá rẹ̀, Ayọ̀wálé nìkan sì ni Ọmọ́ṣọlá bí. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn ní Kabba, àwọn ẹbí sì ti sọ pé àwọn ò ní dúró ju ọ̀la lọ.

Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n sọ ọmọ náà sí. Òun ni olórí àwọn tó ń fowó ra agbábọ́ọ̀lù kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, kí àwọn lè fi jìbìtì jẹ tẹ́tẹ́. Ùsámà, ọmọ Àlí aládùúgbò wọn, wà lára àwọn gókíìpà tó rà, wọ́n sì ti lé e kúrò nínú bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀ ọkọ̀ Àlí ló gbé Ìbítóyè lọ sí kóòtù. Ìbítóyè kò bẹ̀ ẹ́. Àlí kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kabba.

"Okun o, Bàbá Ayọ̀. Ẹ wọkọ̀. Bí ẹ bá ń wọ́ ẹsẹ̀ báyìí, adájọ́ á ti lọ jẹun ọ̀sán."

Adájọ́ ní ọmọ náà jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n náà ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ó dín in kù sí ọdún méjì. Ìbítóyè dúpẹ́ lọ́wọ́ Naomi, lọ́yà wọn, ọpẹ́ náà sì ti inú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ló ṣì kù nínú ọdún méjì ọ̀hún.

Wọ́n ń mú Ayọ̀wálé lọ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n nígbà tí Àlí ṣí búùtù, ó sì mú ọ̀rá kan jáde. Erùpẹ̀ pupa ló wà nínú rẹ̀. Ó ti lọ bù ú létí ibojì kí Ìbítóyè tó jí. Ó fi Hausa bá wọ́dà sọ̀rọ̀. Wọ́dà náà wo Ìbítóyè, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn bí ẹni tí kò rí wọn.

"Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọmọ ló ń bù ú," ni Àlí wí. "Bù ú, Ayọ̀. A ó bá ọ gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ."

Ayọ̀wálé fi ọwọ́ tí wọ́n dè bu erùpẹ̀ náà. Ó dì í mú títí, ó sì dá a padà sínú ọ̀rá.

"Bàbá Ùsámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Àlí ní kó lọ ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán ná.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí pósí wọlẹ̀, erùpẹ̀ inú ọ̀rá náà ni Ìbítóyè kọ́kọ́ dà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pe Àlí kó wá da tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹbí tó sún mọ́ ibẹ̀.