Ẹ̀rọ Géèmù Tí Wọ́n Ń Dojú Rẹ̀ Bolẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn olè pa Ọdẹkúnlé, ọmọ Bámgbóṣé, lójú ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn sí Ìlaró. Àdá ni wọ́n fi pa á. Wọ́n gbé alùpùpù rẹ̀ àti báàgì rẹ̀ lọ, wọ́n fi òun sílẹ̀ sínú koríko. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ kí àwọn tó ń lọ sóko tó rí i.

Bámgbóṣé ló lọ dá òkú náà mọ̀. Ilé ìlagi ní Ìdógò ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti rí ọwọ́ tí ayùn gé bọ́ sílẹ̀ rí, ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó wo ọrùn ọmọ rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí àdá ti là, nítorí pé ó fi wọ́n bo orí. Ohun kan ló wá ń bi ara rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó fọwọ́ bo orí báyẹn yóò ti sọ̀rọ̀. Kí ló sọ? Kò wá alùpùpù, kò wá báàgì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọmọ rẹ̀ ló ń wá, àwọn tó pa á nìkan ló sì gbọ́ ọ.

Ọdẹkúnlé ní ilé géèmù kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaró. Géèmù àtijọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí gbá ní kékeré. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bámgbóṣé kò ti ibẹ̀ pa. Ó jókòó síbẹ̀, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka rẹ̀ méjì ti gan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní àwọn agbábọ́ọ̀lù inú géèmù bọ́ọ̀lù kò ní ojú, pé apá wọn dà bí pákó. Nínú ti ìje ọkọ̀, igi á kàn ṣàdédé hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bámgbóṣé gbà pé ti ọkọ̀ náà ti gbó, kò sí adùn kankan tó kù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìjà, èyí tí Ọdẹkúnlé fẹ́ràn jù, ẹni tó bá fẹ̀rín jókòó sídìí rẹ̀ kì í tètè dìde. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò ju ègé pupa onígun mẹ́rin lọ. Ẹni tó ti wo ọrùn ọmọ rẹ̀ kò lè pè é lẹ́jẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ inú rẹ̀ máa ń bọ́ sákòókò. Bó bá ba ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n, èjìká ẹni tó ń gbá a á gbọ̀n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Jayéọlá gbé ẹ̀rọ géèmù aláwọ̀ eérú kan wọlé. Wọ́n ti sọ fún un pé kò síbòmíràn lágbègbè náà tí wọ́n ti ń ra irú rẹ̀. Ó ní ti òun ni láti kékeré, pé ẹ̀gbọ́n òun ló rà á bọ̀ láti Kútọnu. Bámgbóṣé rí etí ẹ̀rọ náà tí àbẹ́là ti jó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Ọdẹkúnlé ṣe jó. Ṣùgbọ́n àbẹ́là lè jó ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kó tan án kí òun wò ó.

Jayéọlá gbé e kalẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó ki sídì bọ̀ ọ́. Iná tàn, àmọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Ó gbá a létí. Ó ṣì dúdú.

Ẹ̀rọ Ọdẹkúnlé ti gbó débi pé kì í ka sídì mọ́, àfi tí wọ́n bá dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí wọ́n sì fi òkúta kékeré gbé apá òsì rẹ̀ sókè. Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sínú báàgì rẹ̀ lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn lọ́jọ́ ikú rẹ̀, kó lè fi dán àwọn sídì tó fẹ́ rà wò.

Bámgbóṣé gba ẹ̀rọ náà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó fi òkúta há a nísàlẹ̀. Àwòrán yọ.

"Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo ni ín lọ," ni Jayéọlá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Jókòó ká gbá a."

Bámgbóṣé kọ́kọ́ jáde bí ẹni ń lọ ra omi. Ó sọ fún Hùmúàní, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, pé ọ̀kan nínú àwọn tó pa Ọdẹkúnlé wà nínú ilé, kó pe ọlọ́pàá, kó má pariwo. Ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù.

Jayéọlá mọ géèmù ìjà náà gbá. Ó na ọkùnrin tí Bámgbóṣé ń darí nínú géèmù lulẹ̀.

"Bàbá, ìka yín ti di igi ìdáná."

Bámgbóṣé tẹ bọ́tìnnì, ọkùnrin rẹ̀ dìde.

"Ọmọ mi kò dìde bí èyí," ó wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Òun ló ni ẹ̀rọ yìí. Kí ló sọ nígbà tí ẹ gbé àdá sókè?"

Jayéọlá wo ilẹ̀kùn. Ó fa ọ̀bẹ yọ ní ìbàdí, ó fi gún àgbà náà lápá. Bámgbóṣé kò ké. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bó ṣe máa ń di gẹdú mú níwájú ayùn, ó gbá a mọ́ etí tábìlì títí egungun fi dún tí ọ̀bẹ sì bọ́. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Ó tún gbá a. Eyín já. Ó tì í lulẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti apá rẹ̀ sójú ọkùnrin náà. Ẹ̀jẹ̀ yìí kò ní igun.

"N ò ní pa ọ́. Kí ló sọ?"

Jayéọlá tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Ó ní kí n má..."

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn já. Hùmúàní pe ọlọ́pàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á nígbà tó gbọ́ ìró ìjà, ó sáré sọ fún àwọn ọlọ́kadà ní oríta nítorí pé wọ́n sún mọ́ ju ọlọ́pàá lọ. Ọdẹkúnlé ti bá wọn gun ọ̀kadà rí kó tó ṣí ilé géèmù. Wọ́n wọ́ Jayéọlá jáde. Bámgbóṣé di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, pé gbólóhùn kan péré ni. Wọ́n rò pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe é.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá," ọ̀kan nínú wọn wí, ó sì rọra tú ìka rẹ̀.

Wọ́n fi igi na Jayéọlá. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí. Ó kọ́kọ́ ń ké, ó wá ń mí nìkan, kò sì mí mọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, àwọn ọlọ́kadà ti túká.

Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Búlọ́ọ̀kù tó ti là sí méjì. Nínú ilé, ọ̀bẹ, àti eyín lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rọ aláwọ̀ eérú, tí òkúta ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin Bámgbóṣé lójú tẹlifíṣọ̀n, ó dúró, ó ń mí. Ìdajì gbólóhùn. Páàdì méjì, okùn ọ̀kan ti já.