Wàláà Sakinah

Láyé ọjọ́un, ìyàwó tó bá ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ Kùránì kíkà, ní Ìlọrin tí wàláà rẹ̀ ò ti ọwọ́ Alfa Abdulmumini jáde, àwọn àna á máa yínmú. Bàbá yìí ló ń fi gègé àti tàdáwà kọ Kùránì sára pátákó tí ìyàwó máa ń gbé dání. Tó bá kọ lẹ́tà dé ìparí, á ká ìrù rẹ̀ sókè bí ìwọ̀ ẹja. Ìyẹn ni wọ́n fi ń dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Kọ̀ǹpútà wá dé. Wọ́n ń tẹ wàláà jáde l'Ọ́jà Tuntun, tòun ti fọ́tò ìyàwó. Ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn Bàbá mọ́. Ó gbé ìyẹn mì, torí Sakinah ọmọọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ọkọ ló gbójú lé. Bí gbogbo ìlú bá pa òun tì, Sakinah ò ní pa òun tì. Ó po tàdáwà, ó sì fi ọwọ́ arúgbó kọ wàláà ọmọ náà tán.

Láàárọ̀ wòlímọ̀, ó gbé e lọ sílé Rasheedah, ọmọ rẹ̀ tó bí Sakinah, ní Adéwọlé. Rasheedah kúnlẹ̀ kí i, kò lè wò ó lójú.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Toyyib ti bá wa ṣe tiẹ̀."

"Toyyib wo?"

"Èyí tó ń ṣe printing l'Ọ́jà Tuntun. Ó ní ẹ mọ òun dáadáa."

Sakinah gbé ti Toyyib jáde, ó ń dán yinrin. Bàbá gbà á, ó ń wá ibi tí yóò ti bù ú kù. Ìgbà náà ló rí ìrù lẹ́tà. Ó ká sókè bí ìwọ̀ ẹja.

Ó rántí ọjọ́ tí Toyyib wá fi fóònù ya gbogbo wàláà tó wà ní yàrá òun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Toyyib bi í pé kí ni kóun mú wá. Alfa gidi kì í díyelé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, Bàbá ní sàárà ni. Ó tún gbàdúrà fún un, pé kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ rẹ̀. Àdúrà náà sì gbà. Afọwọ́fà pátápátá!

"Ó dáa, àbí, Bàbá?" Sakinah bi í.

"Ó dáa, ọmọ mi." Ó dáa lóòótọ́, ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Ó gbé tirẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó bu omi sínú igbá, ó fọ̀ ọ́. Omi wàláà bẹ́ẹ̀ là ń pè ní hàntú, ọmọ a máa mu ún kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè wọ̀ ọ́ lára. Ó pe Sakinah. Rasheedah ló dáhùn láti inú ilé.

"Bàbá, wọ́n ti kùn ún létè o. Kò lè mu nǹkan kan báyìí."

Bàbá gbé igbá sẹ́nu, ó mu ún tán. Pátákó ti mọ́ nini, kò sì sẹ́ni tó máa tún ní kó kọ nǹkan sí i.