Àdàkọ Inú Ewé Funfun

"Dọ̀tí ni," Ọ̀gá wí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Dà á nù. Bó bá fi máa dọ̀la tí ọwọ́ rẹ ò tíì mọ́, ẹlòmíì á gba iṣẹ́ yìí."

Nínú kúlórópíláàsì, ilé ìdáná kékeré tí ewé ti ń fi oòrùn se oúnjẹ, DNA ni ìwé àkọ́kọ́, RNA sì ni àdàkọ tí ewé ń mú ṣiṣẹ́. Òfin yàrá ìwádìí wọn ni pé àdàkọ tó bá yàtọ̀ sí ìwé, dọ̀tí ló wọ̀ ọ́. Ìyá Ewé, bí wọ́n ṣe máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣẹ̀fẹ̀, ti da àdàkọ mẹ́tàdínlógún nù. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i. Ọwọ́ tó ń fọ̀ tó fẹ́ẹ̀ bó!

Ó tún èsì náà wò. Ní ojú kan ṣoṣo, lẹ́tà C ló wà nínú ìwé, lẹ́tà U ló jáde nínú àdàkọ. Ó ṣí ti àná: ibẹ̀ náà ni. Dọ̀tí wo ló mọ àdírẹ́sì tó báyìí?

Lẹ́bàá fèrèsé, àwọn irúgbìn kan wà tí wọ́n ti yọ èròjà kan ṣoṣo tó ń bá RNA ṣiṣẹ́ kúrò nínú ẹ̀dá wọn. Funfun ni wọ́n ń hù, wọn kì í sì í pẹ́ kú. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí. Ó já ewé funfun kan, ó já tútù kan, ó lọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì gbé wọn sínú ẹ̀rọ tó ń ka àdàkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, èsì dé. Tútù: U. Funfun: C, gẹ́lẹ́ bí ìwé ṣe wí.

Orí rẹ̀ wú. Àṣé inú ìwé gan-an ni àṣìṣe wà! Ewé tútù kò fọwọ́ kan ìwé. Àdàkọ ló ń tún ṣe, lójoojúmọ́, nínú gbogbo koríko tí òun ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kékeré. Èyí tó funfun kò ní ẹni tí yóò bá a tún un ṣe. Ohun tó bá nínú ìwé ló ń dà kọ, òun náà ló sì ń pa á.

Ẹ̀rù Ọ̀gá ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

"Ṣé o fọwọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó wo funfun, ó wo tútù, ó tún padà sí funfun.

"Ọmọbìnrin kan wà níbí kí o tó dé," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọdún kan gbáko ló fi ń gbé U yìí wá fún mi. Mo ní kó máa lọ sílé."

Ìyá Ewé mọ̀ pé òun ni ì bá ṣe ìkejì. Ó fa àga fún Ọ̀gá.