Abo Tí Kò Ní Ìyẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dá wàhálà náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ni kòkòrò.

Ní ọjọ́ Ẹtì, dókítà yẹ ọ̀fun Eli wò, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, pé bakitéríà ni ó fa ibà ọmọ náà. Ó fún un ní oògùn. Bàbá ọmọ, Ọlálékan, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní College Park, níbi tí ó ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó fi fóònù sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akíntóyè, pé, "Dókítà rí kòkòrò lára Eli." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ń pè é.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akíntóyè dé sí ilé wọn ní Loganville, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọkùnrin òyìnbó kan tí ó kó ẹ̀rọ ìgékoríko àti oògùn apakòkòrò sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé Rẹ̀mílẹ́kún kò jọ ti àwọn aládùúgbò. Tiwọn tẹ́jú bí ẹní, wọ́n sì ń fín in lóògùn déédéé. Tirẹ̀ jẹ́ igi, ewé gbígbẹ tí a kò gbá, àti ìtì igi tí ó ń jẹrà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó fà á. Ìmọ̀ nípa kòkòrò ni ó kà ní yunifásítì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń gbé e lọ sí àwọn igbó orí òkè ní àríwá Georgia. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí irú tanátaná kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣẹ́jú bí ti àwọn yòókù. Ó máa ń tàn láìdáwọ́dúró, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí búlúù. Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, ó rí i lábẹ́ ewé ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀. Ó wá a káàkiri àdúgbò náà, kò rí i níbòmíràn. Abo rẹ̀ kò ní ìyẹ́. Bí a bá ha ewé kúrò lórí rẹ̀, kò lè fò lọ síbì kankan.

Rẹ̀mílẹ́kún pàdé wọn ní ẹ̀yìn ilé, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ni ẹ̀rọ yìí fẹ́ ṣe?"

"Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì kò ṣe ni. Kòkòrò wọ ọmọ wa lọ́fun, ìwọ sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn! Ṣé backyard nìyí àbí ibi tí ọdẹ ń dẹ pàkúté sí?"

"Kòkòrò wo, sà?"

"Èyí tí dókítà rí."

Nígbà náà ni ó yé e. Yorùbá fún ohun tí ń fò àti ohun tí ojú kò lè rí ní orúkọ kan náà, ọkọ rẹ̀ kò sì sọ èwo.

"Ẹ̀gbọ́n, kòkòrò àìfojúrí ni. Ilé ìwé ni ó ti kó o. Kò ti inú ewé wá."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Akíntóyè wo ọkùnrin tí ó dúró ti ẹ̀rọ, ó wúkọ́.

"Àfojúrí, àìfojúrí, kòkòrò ni kòkòrò. Mo ti mú ọkùnrin yìí kúrò níbi iṣẹ́ mìíràn. Ṣé kí n sọ fún un pé ìyàwó àbúrò mi ní kí n máa lọ?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, sà."

"Ẹ gbọ́! Orúnkún rẹ wà nílẹ̀, ẹnu rẹ wà lókè àjà."

Akíntóyè pe Ọlálékan lórí fóònù, ó ro ẹjọ́ fún un, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba.

"Rẹ̀mí, jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó máa hù padà."

"Koríko ló máa hù padà, Lékan. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní padà."

"Nítorí kòkòrò lásán?"

"Tanátaná ni. Pè é lórúkọ rẹ̀."

"Mo wà lórí shift," ni Ọlálékan wí, ó sì pa fóònù.

Akíntóyè ju ọwọ́ sí ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Rẹ̀mílẹ́kún kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà níbi tí koríko ti pàdé ewé. Ẹ̀rọ náà sún mọ́ ọn, ó sì dúró. Ọkùnrin tí ó dì í mú wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó wo Akíntóyè, ó mi orí, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Dìde. Àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé."

"Kí wọ́n máa yọjú, sà."

"Ìwọ tó kàwé!"

"Ìwé náà ni mò ń kà lọ́wọ́ yìí."

"Ta ló tiẹ̀ fẹ́ irú ìyàwó yìí fún wa?"

"Ẹ̀yin ni ẹ gbàdúrà ìgbéyàwó wa, sà."

Ọkùnrin náà ti ń gbé ẹ̀rọ padà sẹ́yìn ọkọ̀. Akíntóyè tẹ̀ lé e dé igun ilé, ó sì yí padà.

"Mò ń padà bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. N kò fẹ́ bá igbó yìí níbí."

Rẹ̀mílẹ́kún kò tíì dìde.

"Ẹ ó bá a, sà. Ẹ ó sì bá mi."