Kùkùté Olive

Clem Raine kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ahun ni nídìí òdòdó. Ó lè bu oúnjẹ ẹnu rẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n tó o bá nawọ́ sí òdòdó kirisántímọ́mù rẹ̀, ojú rẹ̀ lo tọwọ́ bọ̀ yẹn. Gbogbo ẹni tó ní oko nínú ọgbà ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òdòdó, lẹ́yìn ibi ìwakùsà àtijọ́ ní Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀ kó tó rí òdòdó tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Òdòdó ìgbẹ̀yìn ọdún ni, kì í tanná àfi tí òtútù oṣù kọkànlá bá dé, ó sì pọ́n bí oyin. Orúkọ ìyàwó rẹ̀, Olive, ló sọ ọ́. Ọdún kejì ni Olive kú. Wọn ò bímọ. Òdòdó yẹn nìkan ló kù láyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tó sì ní ẹ̀mí.

Tí irú òdòdó yìí bá ti rọ, wọn á gé e kó ku bí ìka mẹ́rin, wọn á hú kùkùté rẹ̀ sínú àpótí iyẹ̀pẹ̀, wọn á sì fi í sílẹ̀ nínú ilé gíláàsì kó sùn nínú òtútù. Bó bá di oṣù kejì ọdún, èéhù á yọ nídìí rẹ̀. Èéhù yẹn ni wọ́n ń gé gbìn. Bí kùkùté bá kú, òdòdó kú nìyẹn, torí náà ni àwọn àgbà oko ṣe máa ń fún ọ̀rẹ́ ní ọ̀kan tàbí méjì kó bá wọn tọ́jú. Clem kò fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíláàsì Seth, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ló bá rí òdòdó Olive nínú ìkòkò mẹ́rin, wọ́n tanná yòò.

"Olè!" Clem pariwo. "Seth, ìwọ ni!"

"Olè bàbá ta ni?" Seth ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Àbúrò mi ló fún mi kó tó kú. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbé èéhù yẹn wá, ó wé e sínú bébà."

"Òkú tí ò lè dáhùn lo wá ń purọ́ mọ́?"

Ó gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ẹgbẹ́. Òfin wọn sì wà níbẹ̀: o ò gbọdọ̀ gbin òdòdó tí ẹlòmíràn ṣẹ̀dá láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìyáàfin Thirlwell, alága, bẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Raine, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o fún yín, kọ́rọ̀ parí síbẹ̀."

"Rárá o. Ẹ sun ún. Ohun tí olè ti fọwọ́ kàn, kò gbọdọ̀ wọlé mi."

Wọ́n sun ún. Clem dúró ti iná náà, ó ń kà á sókè: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Omi dà lójú Seth. Clem ní èéfín ni.

Láti ọjọ́ náà, ọkàn Clem kò balẹ̀ mọ́, ó ń bẹ̀rù pé Seth á tún wá jí tòun. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Bó ṣe kó kùkùté tirẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lóko nìyẹn, tó tò wọ́n sí yàrá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Òun náà tó ti ń pariwo fún ogójì ọdún pé kùkùté ò fẹ́ ooru! Nígbà Kérésì, èéhù yọ, ó funfun, ó gùn pẹ̀lẹ́ńgẹ́.

"Olive ti jí," ló ń wí, ó sì ń bu omi fún un.

Kí oṣù kìíní tó parí, yàrá ti ń rùn. Ó fa kùkùté kan, ó sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí iṣu tó ti rà. Ó fa èkejì. Ó fa gbogbo rẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Clem jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ọjọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rin inú yìnyín lọ kan ilẹ̀kùn Seth.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní. Kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. "Tèmi ti kú tán. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò fi ọ̀kan pamọ́ síbì kan? Èéhù kan ṣoṣo náà tó."

Seth ní, "Ìwọ lo kà á, Clem. Mélòó lo kà?"

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin náà ni gbogbo ẹ̀."

Clem ní, "Kí ló dé tí Olive fi fún yín? Kí ló dé tí ò sọ fún mi?"

"Ó ní, 'Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Mo mọ ọkọ mi, á fi ìkẹ́ pa tiẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tó bá ti pa á, ẹ fún un ní ọ̀kan padà, ẹ má sì bú u o.'"

Seth kò sì bú u. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.